Ilé Ta Ni Ìbọn Ń Sùn? Àfiwé Dàhómì àti Àwọn Ìlú Yorùbá Aládùúgbò Rẹ̀ Lórí Níní Ìbọn

Ìfáárà

Bí a bá yẹ àwọn ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé wò, ohun tí a sábà máa ń rí kà nípa ìbọn kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ: àwọn Òyìnbó kó ìbọn dé, àwọn ọba àti ìjòyè ta ẹrú láti rà á, ogun sì gbilẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó. Ìbọn kan náà ni àwọn oníṣòwò kó wá sí Ouidah, Porto-Novo àti Èkó. Síbẹ̀, bí ìlú kan ṣe tọ́jú ìbọn rẹ̀ kọ́ ni aládùúgbò rẹ̀ ṣe tọ́jú tirẹ̀. Ìlú kan kó o sí ilé ọba; ìlú kejì fi í sílẹ̀ fún ológun tí ó bá lágbára láti rà á.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi Dàhómì wé àwọn ìlú Yorùbá aládùúgbò rẹ̀, pàápàá Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìbéèrè wa kò ju mẹ́ta lọ. Ta ni ó ń ra ìbọn? Ilé ta ni ìbọn ń sùn? Ta ni ó lè pe ẹni tí ó gbé ìbọn dání kí ó wá jẹ́jọ́? Lẹ́yìn èyí a ó wo òfin tí àwọn Òyìnbó ṣe ní ọdún 1890, àti ohun tí òfin náà fi sílẹ̀ fún Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ títí di òní. Èrò wa ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta ni ó ṣe kókó jù lọ, òun sì ni a kì í sábà béèrè.

Kí Ìbọn Tó Gbilẹ̀

Kò yẹ kí á rò pé ibi tí ìbọn bá ti wọlé ni agbára ti ń wọlé. Ọ̀yọ́ Ilé di ìlú ńlá láìgbẹ́kẹ̀lé ìbọn. Ẹṣin, ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni ó fi jagun. Ní ọdún 1726, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kọ lu Dàhómì, ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun Agaja, ọba Dàhómì. Ìbọn náà kò gbà á sílẹ̀. Nígbà tó yá, Dàhómì bẹ̀rẹ̀ sí í san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin, wọn kò sì bọ́ nínú àjàgà náà títí di ìgbà ọba Gezo, ní nǹkan bí ọdún 1823, nígbà tí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ti ń tú ká.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 pé ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820, ni ìbọn ti kọ́kọ́ fi ara hàn gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà tí ó lè yí ogun padà. Àwọn Ìjẹ̀bú ni ó lò ó, nítorí pé àwọn ni ó sún mọ́ òkun. Idà àti àdá ni àwọn Òwu gbójú lé. Láti ìgbà náà lọ, ìlú tí kò bá ní ọ̀nà dé etí òkun ti mọ̀ pé inú ewu ni òun wà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni a ó tún kàn níwájú.

Dàhómì: Ìbọn Inú Ààfin

Agaja gba Allada ní ọdún 1724, ó sì gba Ouidah ní ọdún 1727. Báyìí ni ẹnu ọ̀nà òkun bọ́ sí ọwọ́ ọba kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, ìjòyè kan tí wọ́n ń pè ní Yovogan ni ọba fi sí Ouidah láti máa bójú tó àwọn Òyìnbó àti òwò wọn. Ọba ni ó yan ìjòyè náà, ọba ni ó sì lè yọ ọ́. Bí ìbọn àti ẹ̀tù bá ń gúnlẹ̀, abẹ́ ojú ọba ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ibi tí ìlànà yìí ti hàn jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ogun obìnrin Dàhómì. Inú ààfin ni wọ́n ń gbé, ìyàwó ọba ni a sì ń kà wọ́n sí. Ọkùnrin mìíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Frederick Forbes, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, tí ó lọ sí Abomey ní ọdún 1849 àti 1850, àti Richard Burton, tí ó lọ síbẹ̀ ní ọdún 1863, kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀: ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ọba, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ìbọn. Kò sí ìjòyè kan tí ó lè sọ pé ọmọ-ogun wọ̀nyí ni tòun. Ọwọ́ ọba ni wọ́n ti ń jẹ, ọ̀dọ̀ ọba ni ìbọn wọn ti wá.

Èrè ètò yìí kì í ṣe kékeré. Bí ìjòyè kan bá bínú sí èkejì ní Abomey, kì í ṣe ìbọn ni wọn yóò fi parí ìjà ní àárín ìgboro. Àṣẹ kan ni ó wà, ohùn kan ni ó sì ń pe ogun. Ṣùgbọ́n a ní láti wo òdì kejì pẹ̀lú. Bí ọba bá ti pinnu láti jagun, ta ni yóò dá a dúró? Àwọn aládùúgbò Dàhómì ni ó jẹ ìyà rẹ̀. Wọ́n pa Ìṣàgá run ní ọdún 1862. Ní ọdún 1886 wọ́n kó Kétu, ìlú àtijọ́ tí ó jẹ́ ti Yorùbá, wọ́n sì tú u ká pátápátá. Ìbọn tí kò dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ni ó ń sọ ìta di ahoro.

Ìbàdàn: Ìbọn Inú Agbo Ilé Ológun

Bí a bá kúrò ní Abomey tí a forí lé ìlà oòrùn dé Ìbàdàn, ayé mìíràn ni a bá. Àwọn jagunjagun tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829 kò fi ọba aládé jẹ. Oyè wọn kì í ṣe oyè àjogúnbá. Ẹni tí ó bá gbójú lójú ogun, tí ó kó èrò lẹ́yìn, ni ó ń gòkè láti oyè kan sí òmíràn. Nítorí náà ológun kọ̀ọ̀kan ní agbo ilé tirẹ̀, ẹrú tirẹ̀, oko tirẹ̀, àti àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀. Èrè ogun àti èrè oko ni ó fi ń ra ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn. Ọ̀dọ̀ ológun ni ọmọ-ogun ti gba ìbọn, ológun náà ni ó sì mọ̀ ní ọ̀gá.

Ètò yìí ni ó sọ Ìbàdàn di akọni. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, wọ́n lé àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin padà. Kò pẹ́ kò jìnnà, àṣẹ wọn ti dé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Olúkúlùkù ológun ń sáré kí ẹnìkejì rẹ̀ má baà ní ìbọn jù ú lọ, eré náà sì ń sọ gbogbo ìlú di alágbára.

Ṣùgbọ́n ìbọn nílò owó. Ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ni ó là wá lójú jù lọ nípa èyí. Olówó ni, oníṣòwò ni, ó sì máa ń ta ìbọn àti ẹ̀tù ní àwìn fún àwọn ológun tí wọ́n bá ń lọ sójú ogun. Nígbà tí gbèsè pọ̀ tí àwọn ajẹgbèsè kò san, ó dáwọ́ dúró. Ààrẹ Látòóṣà, tí ó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, kò dárí rẹ̀ jì í. Nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí Ààrẹ lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tí ó dé. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní ọdún 1874, wọ́n sì pa á ní ọdún náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ Ẹfúnṣetán gẹ́gẹ́ bí ìkà obìnrin inú eré onítàn. Bí a bá fi ojú òwò ìbọn wo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun mìíràn tún yọ. Ní Dàhómì, kò lè sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé obìnrin oníṣòwò kan kò lè di ẹni tí gbogbo àwọn balógun ìlú ń jẹ ní gbèsè ìbọn. Ní Ìbàdàn, ó lè sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó béèrè owó rẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè gbà á fún un. Ajẹgbèsè ni ó gbé ìbọn. Bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí òun?

Abẹ́òkúta fara jọ Ìbàdàn nínú èyí. Ọwọ́ àwọn ológun àti àwọn ará ìlú ni ìbọn wà. Nígbà tí Dàhómì kọ lù wọ́n ní ọdún 1851, wọ́n dúró lórí odi wọn, wọ́n sì lé ogun náà padà. Nígbà tí ó tún dé ní ọdún 1864, Madam Tinúbú, tí wọ́n ti lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, wà lára àwọn tí ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ-ogun Ẹ̀gbá. Wọ́n tún ṣẹ́gun. Oyè Ìyálóde Ẹ̀gbá ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Oníṣòwò ìbọn kan gba oyè ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, èkejì rẹ̀ pàdánù oyè àti ẹ̀mí ní Ìbàdàn. Òwò kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Tinúbú bá àwọn tí ó ń gba ara wọn sílẹ̀ lò, Ẹfúnṣetán bá àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè lò.

Ọ̀nà Ẹ̀tù

Ìlú tí ìbọn rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fi òfin inú ilé dá ìbọn dúró. Nítorí náà àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń ṣe òfin fún un: wọ́n ń dí ọ̀nà. Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà Èkó, bí wọ́n bá sì ti ọ̀nà, iyọ̀ á wọ́n, ẹ̀tù á wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1877 Ààrẹ Látòóṣà gbìyànjú láti gba Porto-Novo ra ohun ìjà kí ó lè yẹra fún wọn. Àwọn Ẹ̀gbá kọ lu èrò náà lójú ọ̀nà. Báyìí ni ogun tí a wá mọ̀ sí ogun ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún ṣe bẹ̀rẹ̀, tí kò parí títí di ọdún 1893.

Nínú ogun yìí ni a ti rí ọ̀nà kẹta tí ìlú lè gbà ní ìbọn. Kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ológun kan: ti ẹgbẹ́ ni. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí a ti tà lẹ́rú rí tí wọ́n padà láti Sàró, dá owó jọ ní orúkọ Èkìtìparapọ̀. Wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ìdí kì ọta sí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé ní ọ̀nà Oǹdó. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Ògèdèǹgbé bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, ẹnu ya Ìbàdàn, nítorí pé ìbọn tí a ń ti ẹnu kì ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ tiwọn. Orúkọ tí ogun náà ń jẹ́, Kírìjì, ìró ohun ìjà ni. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ogun kò tú ká ní ibùdó wọn títí di ọdún 1893.

Òfin Òyìnbó: Ìbọn Rere àti Ìbọn Yẹpẹrẹ

Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Láti fòpin sí òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fi ṣe é. Ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ kan ìbọn gbọ̀ngbọ̀n. Àdéhùn náà kà á léèwọ̀ láti kó ìbọn ìgbàlódé wọ ibi tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀. Ìbọn olókùúta-iná, tí a ń ti ẹnu kì, àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún títà, èyí náà sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ojú ìjọba kọjá.

Òfin náà kò kọ́kọ́ mú gbogbo ènìyàn. Behanzin, ọba Dàhómì, ṣì rí ìbọn ìgbàlódé rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ará Jámánì ní Ouidah. Nígbà tí Faransé gbógun tì í ní ọdún 1892, lábẹ́ Alfred Dodds, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin jà fitafita. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà Abomey ṣubú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1894 Behanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Martinique. Ìbọn tí ó wà ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni. Nígbà tí ẹni náà ṣubú, gbogbo rẹ̀ bá a ṣubú.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892 kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ìbọn àwọn Ìjẹ̀bú kò kéré, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim ni ó pàdé wọn. Yálà ìlú fi ìbọn pamọ́ sí ààfin tàbí ó fi sí ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ìkángun kan náà ni ó bá wọn ní ọdún kan náà.

Àdéhùn ọdún 1889 láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ìlà sí àárín ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti gbé Kétu sí ọwọ́ Faransé. Ní ìhà méjèèjì, ìyàtọ̀ kan náà ni àwọn aláṣẹ fi sílẹ̀: ìbọn rere fún ọlọ́pàá, sójà àti Òyìnbó, ṣakabùlà fún àgbẹ̀ àti ọdẹ. Kì í ṣe nítorí pé ṣakabùlà bá àṣà wa mu ni ó fi kù sí wa lọ́wọ́. Wọ́n fi sílẹ̀ nítorí pé kò lè borí tiwọn.

Ohun tí Òfin náà Fi Sílẹ̀ Lónìí

Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò, ọdún 1959 ni a ṣe é, nígbà tí òmìnira ku ọdún kan. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí a kà léèwọ̀, bí ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Èkejì ni àwọn tí ènìyàn lè ní bí ó bá gba ìwé àṣẹ, bí ìbọn ìdọdẹ ti ìgbàlódé. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí a ń ti ẹnu kì, tí ṣakabùlà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá fi ìpín yìí wé àdéhùn Brussels yóò rí i pé ọmọ kò jìnnà sí bàbá rẹ̀.

Síbẹ̀ ìbọn tí a kà sí yẹpẹrẹ kò sùn. Ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà kọ owó orí tí ó wúwo, ṣakabùlà àti àdá ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agódi ní Ìbàdàn ní ọdún 1969. Ìgbà tí Obafemi Awolowo lọ bá Tafa Adeoye àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ìjọba sì dín owó orí kù, ni ara tó rọ̀ wọ́n. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, bí ogun abẹ́lé ti parí tí ìbọn ogun sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọlọ́ṣà, ìjọba ológun ṣe òfin ọdún 1970 tí ó sọ ikú di ìyà adigunjalè. Ìbọn àgbẹ̀ gba ìjíròrò. Ìbọn ọlọ́ṣà gba ìdájọ́ ikú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà kò sì tíì tán. Bí Ìbàdàn ti wá ẹ̀tù lọ sí Porto-Novo ní ọdún 1877, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ṣì ń gba ẹnubodè kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ìbọn ní Àbújá ní ọdún 2006, tí ó sì di òfin ní ọdún 2009. Wọ́n ti mọ̀ pé òfin orílẹ̀-èdè kan kò lè mú ìbọn tí aládùúgbò rẹ̀ kò bá mú.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ìgbà tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020, àríyànjiyàn ti pọ̀ láàrin àwa Yorùbá. Àwọn kan ní kí ìjọba nìkan ní ìbọn. Àwọn mìíràn ní kí olúkúlùkù ní tirẹ̀ kí ó lè dáàbò bo oko àti ilé rẹ̀. Ìhà méjèèjì ni ó ń fi ìtàn gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Ohun tí àfiwé wa fi hàn ni pé a ti dán méjèèjì wò rí. Dàhómì kó ìbọn fún ẹnì kan. Inú ilé tòrò, ṣùgbọ́n Ìṣàgá àti Kétu parun, kò sì sí ẹni tí ó lè bi ọba léèrè. Ìbàdàn fi ìbọn fún ẹni tí ó bá lè rà á. Ìlú di alágbára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè gbèsè rẹ̀ kú.

Àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ tí a kì í sábà kà sí òfin, èyí ni ti àwọn ọdẹ. Láti ìgbà pípẹ́ ni ìbọn ti wà ní ọwọ́ wọn, ní ìhà Nàìjíríà àti ní ìhà Bẹ̀nẹ̀. Ọdẹ kan kì í dá wà. Ó ní Olúọ̀dẹ lókè orí, ó ní ẹgbẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n lórúkọ, ó sì ti fi irin Ògún búra. Bí ó bá ṣi ìbọn lò, ó mọ ilé tí wọn yóò ti pè é lẹ́jọ́. A kò sọ pé ẹgbẹ́ ọdẹ lè rọ́pò ìjọba, nítorí ayé ti yí padà. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n ní ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta wa, èyí tí Abomey àti Ìbàdàn kò ní.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa ni pé, bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ogun Kírìjì tàbí ìtàn Ẹfúnṣetán, kí á má fi mọ sí orúkọ àwọn akọni àti ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀. Kí á bi wọ́n pé ilé ta ni ìbọn ń sùn, kí á sì bi wọ́n pé ta ni ó lè pe onílé náà lẹ́jọ́. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì ti mọ ìtàn, yóò sì lè gbọ́ àríyànjiyàn òde òní ní àgbọ́yé.